Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀: bí a ṣe ń dán káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò kí a tó pè é lókùú

"Ẹnjiníà, jọ̀ọ́, wá gbà mí o. Ààrá ti jó gbogbo ẹ̀rọ mi."

Ohun tí màmá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ayétòrò sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, lẹ́yìn òjò ńlá tó rọ̀ ní Sátidé. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ èsì jáde, ibẹ̀ náà ni màmá ti ń rí owó oúnjẹ. Láti ìgbà tí òjò yẹn ti dá, kò sí ọ̀kan tó rí íntánẹ́ẹ̀tì nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọmọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ wá wò ó, ó ní káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo wọn ló ti jó, kí màmá wá owó káàdì mẹ́wàá. Owó èsúsú tí màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, tí wọ́n fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ wọn, ni wọ́n ti fẹ́ kì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mò ń bọ̀." Mo gbé báàgì iṣẹ́ mi, mo wọ mọ́tò láti Ìlaròó.

Yorùbá ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí kọ̀ǹpútà tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bóyá káàdì ló jó o, bóyá wáyà ló já o, bóyá router ló kú o, bóyá àwọn tó ń tà wá ní íntánẹ́ẹ̀tì ni iná kò sí lọ́dọ̀ wọn o, ohun kan náà ni yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà: kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá ń wo ojú kọ̀ǹpútà nìkan, àbá ló ń dá. Àbá dídá sì ń ná èèyàn lówó. Ṣùgbọ́n a lè bi káàdì fúnra rẹ̀ léèrè, yóò sì dáhùn. Bí a ṣe ń bi í ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Kí ni káàdì yìí ń ṣe gan-an?

Àwa tá a ń gbé nítòsí ibodè mọ iṣẹ́ ògbufọ̀ dáadáa. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹni tó ń sọ Faransé lè pàdé ní Ìdìrókò, kí ìkínní má gbọ́ ti ìkejì rárá, àfi tí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì bá dúró láàárín wọn. Ògbufọ̀ ni káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òdo àti ení, 0 àti 1, ni kọ̀ǹpútà ń sọ nínú ara rẹ̀. Ìró iná mànàmáná tó ń lọ sókè-sódò ni wáyà mọ̀. Káàdì ló ń sọ ọ̀kan di èkejì, ní lílọ àti ní bíbọ̀, lọ́pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà yìí ni wọ́n ń pè ní Ethernet. Ilé ìwádìí Xerox ní California, ní Amẹ́ríkà, ni Bob Metcalfe àti David Boggs ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1973. Láyé àtijọ́, káàdì gidi ni, pátákó kékeré tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà. Lóde òní, inú pátákó ńlá kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n a ò yéé pè é ní káàdì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fún un: àmì méjìlá, láti 0 dé 9 àti láti A dé F. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì, mẹ́fà ìkẹyìn sì jẹ́ ti káàdì yẹn nìkan.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó kan ọ̀rọ̀ ààrá. Láàárín ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ àti káàdì fúnra rẹ̀, àwọn kóìlì kéékèèké wà tó ń jẹ́ kí ìró kọjá láìjẹ́ kí iná láti ìta fara kan káàdì. Ìlànà Ethernet ní ààbò yìí gbọ́dọ̀ lè gba 1,500 fóòtì. Ìdí nìyẹn tí káàdì fi ń la ọ̀pọ̀ nǹkan já. Ṣùgbọ́n tí ààrá bá sán nítòsí wáyà gígùn, iná tó máa gba inú wáyà yẹn lè ju èyí lọ fíìfíì. Nítorí náà, ọmọkùnrin yẹn ò parọ́ pé ààrá máa ń jó káàdì. Ohun tí kò ṣe ni pé kò wádìí èyí tó jó àti èyí tí kò jó.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Bí mọ́tò kan bá kúrò ní Ayétòrò, tó ń gba Ìlaròó àti Òwòdé lọ sí Ìdìrókò, tí kò wá débẹ̀, ẹ ò ní lọ dúró sí Ìdìrókò máa sunkún. Gáréèjì tó ti gbéra lẹ ó ti kọ́kọ́ béèrè: ṣé ó kúrò níbí? Lẹ́yìn náà, ẹ ó béèrè ní Ìlaròó, kí ẹ tó béèrè ní Òwòdé. Ibi tí wọ́n bá ti ní "a ò rí i o", ọ̀ràn wà láàárín ibẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Bí a ṣe ń dán káàdì wò náà nìyẹn: láti inú ilé bọ́ sóde, ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo iná. Lẹ́bàá ihò tí wáyà wọ̀, iná kékeré kan tàbí méjì máa ń wà. Tí iná ìsopọ̀ bá tàn, káàdì àti ẹ̀rọ tó wà lórí kejì wáyà ti gbúròó ara wọn nìyẹn. Tó bá ń ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Tí kò bá tàn, ẹ má tíì dájọ́. Ẹ pààrọ̀ wáyà sí èyí tó dájú pé ó ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá tíì tàn, ẹ dá wáyà yẹn sí, kí ẹ pààrọ̀ ihò lára switch. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta pọ̀, tó bá ṣiṣẹ́, kò ní mọ èyí tó ṣàìsàn.

Ní Ayétòrò, kọ̀ǹpútà márùn-ún ni iná tàn lára wọn. Mo pe màmá, mo fi hàn wọ́n. "Ẹ wò ó, Màmá. Èyí tó ń tanná báyìí, káàdì ẹ̀ ò kú." Ká tó tan kọ̀ǹpútà kan rárá, ìdajì ìdájọ́ ikú yẹn ti yẹ̀.

Lẹ́yìn iná, ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà mọ̀ pé òun ní káàdì. Lórí Windows, Device Manager ni ẹ ó ṣí, kí ẹ wo abẹ́ Network adapters. Tí orúkọ káàdì bá wà níbẹ̀ láìsí àmì kankan, ó dáa. Tí àmì ìyanu lórí àwọ̀ ìyeyè bá wà lára rẹ̀, bóyá ètò tó ń darí káàdì, tí a ń pè ní driver, ló bàjẹ́ tàbí tí kò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá rí ọfà tó kọjú sísàlẹ̀, ẹnì kan ló tì í pa. Ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà màmá rí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ló tẹ Disable nígbà tó ń tú u wò, kò sì rántí tẹ Enable. Mo tẹ̀ ẹ́, iná tàn. Kò gbà mí ju ká ṣẹ́jú lọ, bẹ́ẹ̀ owó káàdì tuntun ni wọ́n ti fẹ́ san lórí ẹ̀.

Tí orúkọ káàdì ò bá sí níbẹ̀ rárá, èmi máa ń ki fláàṣì tí mo kó Linux sí bọ inú kọ̀ǹpútà, kí n tan án láti orí ẹ̀. Tí káàdì bá ṣiṣẹ́ lórí Linux, Windows ni kí ẹ bá wí, kì í ṣe káàdì.

Àṣìṣe tí èmi náà ti ṣe rí

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé, tí ẹ bá fẹ́ dán káàdì wò, kí ẹ tẹ ping 127.0.0.1, pé tó bá dáhùn, káàdì dáa. Irọ́ ni. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi, mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ní káàdì rẹ̀ pé, kó lọ bá àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un jà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ tí wọ́n fún wọn láti san owó ilé-ìwé sì kọjá lórí ẹ̀. Ó san owó ìtanràn. Káàdì rẹ̀ ló ti kú látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé 127.0.0.1 ni àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ káàdì rárá, inú ètò kọ̀ǹpútà ló ti ń yí padà. Ó dà bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá: ó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ketekete kí ilẹ̀kùn wà ní títì gbọn-in. Ó dáa láti tẹ̀ ẹ́ o, torí tí kò bá dáhùn, ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú kọ̀ǹpútà ló dàrú. Ṣùgbọ́n tó bá dáhùn, kò jẹ́rìí káàdì.

Ping fúnra rẹ̀ wúlò gan-an. Mike Muuss, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1983. Ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi máa ń ju sínú òkun láti mọ ohun tó wà níwájú ló fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ pariwo, ẹ dúró, ẹ gbọ́ bóyá ohùn padà wá. Ibi tí ẹ pariwo sí ló ṣe pàtàkì.

Bi í léèrè àdírẹ́sì

Ẹ ṣí cmd, ẹ tẹ ipconfig /all. Ẹ ó rí nọ́ńbà káàdì yẹn, àmì méjìlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ òdo nìkan ló tò síbẹ̀, tàbí F nìkan, ó ṣeé ṣe kí ibi tí káàdì ń tọ́jú orúkọ ara rẹ̀ sí ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo IPv4 Address. Bí ti ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Router ló ń fún kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì yìí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí 169.254, kọ̀ǹpútà pe router títí, kò gbọ́ ìdáhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì.

Ibí yìí ni àṣírí ṣọ́ọ̀bù màmá ti tú. Kọ̀ǹpútà márùn-ún tó ń tanná, 169.254 ni gbogbo wọn gbé dání. Káàdì wọn yè, wọ́n ń pariwo, router ò gbọ́. Kí ló wà láàárín wọn àti router? Switch ni. Mo wo ẹ̀yìn switch yẹn, ihò 24 ló ní. Ihò tí wáyà router wọ̀ ò tanná rárá. Mo yọ ọ́, mo kì í bọ ihò mìíràn, ó tàn. Ká tó mí kànlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ti ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì geere. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà tẹ̀lé wọn. Màmá kígbe, "Olúwa ò!" wọ́n sì jókòó.

Mo dán gbogbo ihò switch náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ti kú: ti router, ti kọ̀ǹpútà mẹ́rin, àti ti wáyà kan tó gba ojú fèrèsé jáde, tó na ọwọ́ lójú afẹ́fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Wáyà ìta yẹn ni ààrá bá wọlé. Mo gbé kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ihò tó dáa. Méjì jí. Méjì ò tanná.

Àyẹ̀wò tí káàdì ò lè parọ́ níbẹ̀

Fún méjì tó kù yìí, mo mú ohun kan jáde nínú báàgì mi tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Orí wáyà LAN kan ni, pẹ̀lú wáyà tín-ínrín méjì péré. Ihò ìkínní so mọ́ ìkẹta, ihò ìkejì so mọ́ ìkẹfà. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì 100 Mbps, 1 àti 2 ni káàdì fi ń sọ̀rọ̀, 3 àti 6 ló fi ń gbọ́. Tí ẹ bá so wọ́n pọ̀ báyìí, ẹnu káàdì ti kọjú sí etí ara rẹ̀. Kò sí router níbẹ̀, kò sí switch, kò sí wáyà gígùn tí eku lè jẹ. Ní ti ọ̀pọ̀ káàdì, tó bá yè, iná rẹ̀ á tàn, torí ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo Linux tún lè fi ethtool -t sọ fún káàdì pé kó yẹ ara rẹ̀ wò, tí driver rẹ̀ bá gbà á láyè.

Ẹ ṣọ́ra o: àwọn káàdì kan tó ń lo 1 Gbps kì í gbà láti tanná fún irú orí wáyà yìí bí wọ́n tiẹ̀ yè. Torí náà, tí iná bá tàn, ẹ gbà pé káàdì ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́. Tí kò bá tàn, ẹ fi kún ẹ̀rí yòókù, ẹ má fi òun nìkan dájọ́.

Kọ̀ǹpútà méjì yẹn ò tanná lórí wáyà tó dáa, wọn ò tanná lórí ihò tó dáa, wọn ò tanná lórí Linux, wọn ò tanná fún orí wáyà mi. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ti fohùn ṣọ̀kan. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún màmá pé, "Méjì yìí, ẹ pẹ̀lẹ́ o, wọ́n ti kú."

Èyí tí kò kú, tí kò sì yè

Ìyẹn ni mẹ́sàn-án. Ìkẹwàá ló gba àkókò jù. Iná rẹ̀ ń tàn, ó ní àdírẹ́sì, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín. Irú èyí ló burú jù, torí àwọn èèyàn á ní "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lónìí", wọ́n á sì máa bá a yí fún oṣù mẹ́fà.

Fún irú rẹ̀, ẹ tẹ ping, ẹ fi àdírẹ́sì router tẹ̀ lé e, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹrin: ping -n 100 -l 1400 192.168.1.1 ni mo tẹ̀, ìyẹn lẹ́ta ńlá ọgọ́rùn-ún. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, lórí wáyà, gbogbo ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó padà, láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún tèmi, ọgbọ̀n ló sọ nù. Mo tẹ netstat -e, mo wo ìlà Errors, ó ń gòkè. Lẹ́tà ń dé ní fífàya.

Ohun kejì tí ẹ lè wò ni iye tí káàdì àti switch jọ fẹnu kò sí. Tí káàdì àti switch méjèèjì bá lè sá 1 Gbps, tí ẹ wá rí 100 Mbps, ẹ fura sí wáyà. Wáyà LAN ní okùn mẹ́jọ nínú, ní méjì-méjì. 1 Gbps ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, 100 Mbps ń lo mẹ́rin. Tí ọ̀kan bá já, àwọn méjèèjì lè sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tó kéré láìsọ fún yín. Ẹ tún lè gbé fáìlì ńlá láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì: lórí 100 Mbps, fáìlì 700 MB yẹ kó parí ní bí ìṣẹ́jú kan lé díẹ̀. Tó bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nǹkan wà níbẹ̀.

Mo fà wáyà ìkẹwàá yẹn jáde lábẹ́ tábìlì. Eku ti jẹ ẹ́ dé egungun. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ọgọ́rùn-ún padà wá pé pérépéré.

Àròpọ̀

Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni wọ́n pè lókùú. Mẹ́rin, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Méjì, ihò switch ló kú. Ọ̀kan, ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́ pa. Ọ̀kan, eku ni. Méjì péré ni káàdì wọn jó. Àwọn méjì yẹn náà, a ò pààrọ̀ pátákó ńlá wọn. Káàdì kékeré tó ń wọ ojú USB la rà fún wọn, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ dòní. Owó ilé-ìwé ọmọ màmá kò kúrò níbi tó wà.

Kí ààrá má bàa tún padà wá, a ká wáyà ìta yẹn kúrò. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ so ilé méjì pọ̀, ẹ lo èyí tí kò ní wáyà láàárín. Tí òjò bá ṣú, yíyọ wáyà iná nìkan ò tó, ẹ yọ wáyà LAN náà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀, ẹ mú wáyà LAN kan dání lọ sọ́jà. Ẹ kì í bọ̀ ọ́, ẹ wo iná, ẹ gbé fáìlì kan kọjá, kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, gbogbo ilé á pé, ọ̀ràn á wà lóde. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Ẹni tó ping router rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó gbọ́ ìdáhùn, mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilé òun pé. Ó lè jókòó, kó mu omi. Ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lè lọ ra káàdì tuntun nítorí wáyà tó já lábẹ́ òkun.

Tí wọ́n bá tún sọ fún yín pé káàdì yín ti jó, ẹ béèrè ohun kan péré lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́: "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Tí kò bá ti fi wáyà mìíràn, ihò mìíràn àti ìdáhùn router gbè é lẹ́sẹ̀, alángbá tó dakùn délẹ̀ ló ń wò.